Àyè Kì í Há Adìẹ

Ẹ́ńjìnnì rélùwéè tó ń fi èédú ṣiṣẹ́ ní iwájú, ó sì ní ẹ̀yìn. Ẹ wo Flying Scotsman, èyí tí Nigel Gresley ya àwòrán rẹ̀, tí wọ́n sì kàn ní Doncaster nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1923. Bó bá gbéra ní King's Cross ní London, tó sá dé Edinburgh, ọ̀nà tó sún mọ́ 393 máìlì, imú rẹ̀ á kọ sí ibi tó ń lọ, ìdí rẹ̀ á kọ sílé. Ẹnikẹ́ni lè ní kó máa fi ẹ̀yìn bọ̀. Yóò bọ̀ lóòótọ́, àmọ́ kẹ̀kẹ́ èédú àti omi tí wọ́n so mọ́ ìdí rẹ̀ yóò dí awakọ̀ lójú, atẹ́gùn yóò máa gbọn eruku èédú sí i lójú, wọn ò sì ní jẹ́ kó sáré bó ṣe lè sá. Ìdí nìyí tí àwọn ilé-iṣẹ́ rélùwéè fi gbẹ́ kòtò roboto, tí wọ́n sì gbé afárá irin lé orí ọ̀pá kan láàárín rẹ̀. Ẹ́ńjìnnì á gun afárá, wọn á yí afárá po, ẹ́ńjìnnì á sì sọ̀kalẹ̀ pẹ̀lú imú tó kọ sílé. Afárá ayípo ni mo máa pè é nínú ọ̀rọ̀ yìí.

Àwọn àgbàlagbà tó ń kọ́ rélùwéè kékeré sínú ilé wọn pọ̀ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ẹ má fojú ohun ìṣeré ọmọdé wò ó. Lórí ìwọ̀n tí wọ́n ń pè ní OO, tó wọ́pọ̀ jù lọ lọ́dọ̀ wọn, mìlímítà 4 ló dúró fún ẹsẹ̀ bàtà kan, àlàfo àárín irin méjèèjì sì jẹ́ mìlímítà 16.5. Afárá ayípo tó gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 70 lójú irin gidi á di mìlímítà 280 lórí tábìlì. Ohun gbogbo ni wọ́n rí sọ di kékeré, àfi yàrá tí wọ́n ń gbé. Ẹlòmíràn ń kọ́ tirẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn àlejò, ẹlòmíràn sábẹ́ òrùlé, ẹlòmíràn sínú ahéré ẹ̀yìnkùlé tí òtútù ń gbá a. Bí ọkọ̀ bá sì ti dé òpin irin, ìbéèrè tó wà ní Edinburgh ló wà níbẹ̀: báwo ni ẹ́ńjìnnì yìí yóò ṣe yíjú padà?

Àwọn àgbà ní àyè kì í há adìẹ kó má dé ìdí àba rẹ̀. Mo gba òwe náà gbọ́. Àmọ́ adìẹ tó bá fipá wọlé lè fi ẹsẹ̀ fọ́ ẹyin tó fẹ́ sàba lé, èyí náà sì wà nínú ohun tí ojú ń rí. Èrò tèmi ni pé àyè tóóró kì í ba iṣẹ́ jẹ́. Ohun tó ń ba iṣẹ́ jẹ́ ni “ó ti tó bẹ́ẹ̀”, “ta ló máa wo ibẹ̀”, iṣẹ́ gbà-má-pòó-rọ́wọ́-mi. Ọ̀rọ̀ yíyí ẹ́ńjìnnì sì wà lára ohun tó ń tú irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ fó kíákíá.

Ọ̀nà tó kọ́kọ́ ń wá síni lọ́kàn ni kí irin lọ yí bìrìpó, kó padà wá bá ara rẹ̀, kí ọkọ̀ lè gba ibẹ̀ yíjú láìdúró. Ó dùn ún gbọ́. Ẹ wá wo ìṣirò rẹ̀. Irin kọdọrọ tí ilé-iṣẹ́ Hornby ń tà wà ní ìwọ̀n mẹ́rin. Láti àárín ìyípo dé orí irin, èyí tó há jù jẹ́ mìlímítà 371, èyí tó tẹ̀lé e jẹ́ 438, ẹ̀kẹta 505, ẹ̀kẹrin 572. Ẹ́ńjìnnì ńlá púpọ̀ ni kò fẹ́ ohun tó há ju 438 lọ. Ìyípo irú rẹ̀ á fẹ̀ tó mìlímítà 876 láti ẹ̀gbẹ́ kan dé ìkejì, a ò sì tíì ka irin tó gbé ọkọ̀ débẹ̀. Ẹni tí pátákó rẹ̀ fẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà kan péré, kí ló fẹ́ fi ṣe? Ó tún wà lára wọn ẹni tó máa lọ ra 371 nítorí àìfẹ́-gbọ́-rárá, tó máa gbé ẹ́ńjìnnì gàgàrà sórí rẹ̀, tí ẹ́ńjìnnì á sì yẹ̀ bọ́ sílẹ̀ ní gbogbo ìgbà tó bá dé kọ́ọ̀nà. Ẹni tó ṣe ẹ́ńjìnnì ló máa bú. Ìwọ̀n eku nìwọ̀n ìtẹ́. Eku ò jẹ̀bi bí ìtẹ́ bá há jù fún un.

A tún ní òwe míì tí wọ́n ń lò lórí irú nǹkan báyìí, èyí tí ìlò rẹ̀ máa ń bí mi nínú nígbà míì: ṣe bó o ti mọ, ẹlẹ́wà Sàpọ́n. Bí ẹnì kan bá ṣe iṣẹ́ jákujàku, tí a bi í, òwe yìí ni yóò fi bojú. Pátákó òun kéré, owó òun ò tó, òun sì ti ṣe bí òun ti mọ. Ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n sọ fún ẹlẹ́wà ni pé kó mọ ìwọ̀n ara rẹ̀. Wọn ò sọ fún un pé kó má ṣa òkúta inú ẹ̀wà. Ìkòkò kékeré lè jẹ́ ìkòkò ẹ̀wà tó mọ́ tónítóní, ẹni tó bá sì jẹ ẹ́ kò ní bi ìkòkò léèrè bó ṣe tóbi tó.

Ẹni tó mọ ìwọ̀n ara rẹ̀ láìdín iṣẹ́ kù ni Cyril Freezer. Òun ni olóòtú ìwé ìròyìn Railway Modeller nígbà kan, ní 1957 ló sì gbé àwòrán ibùdókọ̀ kan jáde tó pè ní Minories. Ibùdó òpin ọ̀nà láàárín ìlú ńlá ni. Kò gùn tó ẹsẹ̀ bàtà méje, kò sì fẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà kan, bẹ́ẹ̀ ọkọ̀ lè máa wọlé, kó máa jáde níbẹ̀ láti àárọ̀ ṣúlẹ̀. Kò sí afárá ayípo kankan níbẹ̀. Ẹ́ńjìnnì kéékèèké tó gbé omi àti èédú rẹ̀ sí ara rẹ̀ ló fi síbẹ̀, èyí tí kò so kẹ̀kẹ́ mọ́ ìdí, tí awakọ̀ rẹ̀ rí iwájú bó ṣe rí ẹ̀yìn. Ọ̀nà tí ibùdó ńlá bíi Liverpool Street ní London ń gbà nígbà ayé èédú ni ibùdó náà lè gbà ṣiṣẹ́. Ọkọ̀ àwọn òṣìṣẹ́ á wọlé, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ á há sí ìdí ògiri. Ẹ́ńjìnnì míì tó ti ń dúró á wá so mọ́ ìdí kejì, á sì fa ọkọ̀ náà jáde. Èyí tó há ti ríbi jáde nìyẹn, á lọ dúró níbi tí èkejì ti kúrò, á máa retí ọkọ̀ tó ń bọ̀. Kò sẹ́ni tó yíjú, kò sì sẹ́ni tó ṣe àṣìṣe.

Mo ti gbọ́ kí wọ́n sọ pé ọgbọ́n ẹ̀wẹ́ ni, pé Freezer sá fún ìṣòro ni. Èmi ò rí i bẹ́ẹ̀. Igi gogoro má gún mi lójú, òkèèrè la ti ń wò ó, ohun tó sì ṣe nìyẹn. Kó tó fi irin kankan lélẹ̀ ló ti bi ara rẹ̀ pé irú ibùdó wo ní ayé gidi ni kì í yí ẹ́ńjìnnì, tó sì ń ṣiṣẹ́ kọjá bó ṣe tóbi. Ó rí ìdáhùn, ó sì ṣe é títí dé ìkángun: oríta irin rẹ̀ tò bẹ́ẹ̀ tí ọkọ̀ fi ń wọlé láìṣe wọ́nrannwọ̀nran. Ẹni tó ra ẹ́ńjìnnì ńlá oníkẹ̀kẹ́ èédú, tó sì ń fi ẹ̀yìn wà á padà káàkiri tábìlì nítorí pé kò rónú kan ibi tí yóò ti yí, òun àti Freezer ni kò ní afárá ayípo. Wọn ò dọ́gba. Ọ̀kan yàn, ọ̀kan fi sílẹ̀. A lè gún iyán nínú ewé, ká se ọbẹ̀ nínú èèpo ẹ̀pà, ẹni tó máa yó á yó. Àmọ́ ẹni tó máa yó náà gbọ́dọ̀ gún iyán ọ̀hún kó kúnná.

Àìsí àyè kì í ṣe ìṣòro orí tábìlì nìkan. Nígbà ayé èédú ní Bembridge, ní erékùṣù Wight, ibùdó náà há bẹ́ẹ̀ tí kò sí àyè oríta irin tí ẹ́ńjìnnì lè gbà kúrò níwájú ọkọ̀ tó fà wá. Afárá ayípo kékeré ni wọ́n fi sí ìparí irin. Ẹ́ńjìnnì á gun orí rẹ̀, wọn á tì í díẹ̀ bọ́ sí irin kejì, á sì gba ibẹ̀ lọ sí ìdí kejì ọkọ̀. Ní Moor Street ní Birmingham, pèpéle tó ń rọ́ lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ni ilé-iṣẹ́ Great Western lò: ẹ́ńjìnnì á dúró lórí rẹ̀, pèpéle á gbé e láti irin kan bọ́ sí ìkejì. Èyí tó wù mí jù ni ti Mals, ní apá àríwá ilẹ̀ Ítálì lẹ́sẹ̀ òkè. Wọ́n to irin síbẹ̀ ní àwòrán ìràwọ̀ onígun márùn-ún. Bí dẹ́rẹ́bà dáńfó ṣe ń yí ọkọ̀ ní àdúgbò tóóró, tó ń lọ síwájú díẹ̀, tó ń padà sẹ́yìn díẹ̀, tí kọ̀ndọ́ ń pariwo fún un, bẹ́ẹ̀ ni ẹ́ńjìnnì máa ń ṣe níbẹ̀ nígbà ayé èédú. Á lọ dé ṣóńṣó kan, á fi ẹ̀yìn bọ̀ dé òmíràn. Ní ṣóńṣó kọ̀ọ̀kan, ó ti yí díẹ̀ sí i. Márùn-ún pé, ó ti kọjú síbi tó kọ̀yìn sí. Àwọn irin náà ré ara wọn kọjá nínú ìràwọ̀ ọ̀hún, ìyẹn ni kò jẹ́ kó gba ilẹ̀ púpọ̀. Ẹni tó kọ́kọ́ ronú kan án kò ní ilẹ̀, ó ní orí.

Ọ̀nà kan ò wọ ọjà, kò sì sí ọ̀nà tí kò ní owó ibodè tirẹ̀. Lórí tábìlì, iná mànàmáná ló ń gba owó náà. Nínú rélùwéè kékeré onírin méjì, irin kan ló ń gbé pósítíìfù, ìkejì ń gbé nẹ́gátíìfù. Bí irin bá lọ yí po, tó padà wá bá ara rẹ̀, ti ọ̀tún á bọ́ sórí ti òsì. Pósítíìfù kan nẹ́gátíìfù, gbogbo ọkọ̀ orí tábìlì á dúró gbagidi. Ẹni tó mọṣẹ́ á fi ayùn gé irin méjèèjì ní ẹnu ìyípo náà lọ́tùn-ún lósì, á fún ibẹ̀ ní iná tirẹ̀, á sì rí i pé ibi tó gé gùn ju ọkọ̀ tó gùn jù lọ tó máa gba ibẹ̀. Bí ọkọ̀ bá wà nínú rẹ̀ ni yóò pa iná ìta dà. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n á gé ẹnu kan, á sì máa ṣe kàyéfì. Ilé-iṣẹ́ Märklin ní Jámánì kò ní wàhálà yìí láti 1935 tí wọ́n ti ń ṣe rélùwéè kékeré tí àlàfo rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 16.5, torí àárín irin méjèèjì ni iná tiwọn ń gbà, irin tọ̀tún tòsì sì jẹ́ ọ̀kan náà. Irin lè yí po bó ṣe wù ú lọ́dọ̀ wọn. Àmọ́ ẹni tó bá fẹ́ kí irin òun jọ irin gidi á máa rí ohun tó ń gbé iná láàárín rẹ̀, kò sì ní dùn mọ́ ọn nínú.

Mo fẹ́ dúró pẹ́ díẹ̀ lórí afárá ayípo fúnra rẹ̀, nítorí pé níbẹ̀ ni mo ti rí ohun tó mú mi kọ ọ̀rọ̀ yìí. Nínú gbogbo ọ̀nà tó ń yí ẹ́ńjìnnì ńlá lójú àwọn òǹwòran, òun ló gba àyè tó kéré jù. Mìlímítà 280 ò tó ìdá mẹ́ta ìyípo tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan. Kódà ẹsẹ̀ ẹ́ńjìnnì nìkan ló gbọ́dọ̀ wà lórí afárá. Imú àti ìdí rẹ̀ lè yọ síta díẹ̀, bí etí kòtò kò bá ti ga jù. Ó rọrùn lójú: kòtò, ọ̀pá, afárá, irin méjì. Bí abẹ́rẹ́ ti kéré tó, kì í ṣe mímì fún adìẹ.

Ọ̀pá àárín ni gbogbo rẹ̀ wà. Ká ní ẹnì kan lu ihò ọ̀pá náà, tó sì fi ìdajì mìlímítà yẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan kúrò lábẹ́ àárín irin orí afárá. Ó tún to irin ìta kó bá irin afárá mu bó ṣe wà yẹn. Ó wò ó, ó gún régé. Ó ti ẹ́ńjìnnì gorí rẹ̀, ẹ́ńjìnnì gun ún wọ́ọ́rọ́wọ́. Ó pe ìyàwó rẹ̀ wá wò ó. Lẹ́yìn náà ló yí afárá po kí apá ibí lè di apá ọ̀hún, bí iṣẹ́ afárá ayípo ṣe jẹ́. Ìdajì mìlímítà tó wà lọ́tùn-ún ti bọ́ sósì, àlàfo láàárín irin afárá àti irin ìta sì di odindi mìlímítà kan. Ẹ́ńjìnnì dé ẹnu ibẹ̀, ó ta gìrì, ẹsẹ̀ rẹ̀ yẹ̀. Níwọ̀n ìgbà tí afárá dúró lójú kan, àléébù náà kò hàn. Yíyí tó yí ló sọ ọ́ di ìlọ́po méjì.

Ẹni tó ń lanà kì í mọ̀ pé ẹ̀yìn òun wọ́. Ohun tó wà níwájú rẹ̀ ló ń rí, níwájú yẹn náà ló sì ti ń dára. Ohun tí àwọn tó mọ iṣẹ́ yìí fi ń gba ara wọn ni pé wọn kì í fọkàn tán ojú. Wọ́n á kọ́kọ́ lu ihò ọ̀pá, wọ́n á sì wọn irin láti ara ihò náà, kì í ṣe láti etí pátákó. Wọ́n á na irin kan ṣoṣo gbọọrọ láti ìta, kọjá lórí afárá, jáde sí ẹ̀gbẹ́ kejì, wọ́n á lẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ ṣinṣin kó tó di pé wọ́n fi ayùn gé e níbi méjèèjì tí afárá ti pín sí ìta. Nípa bẹ́ẹ̀ irin ìta àti ti afárá kò ní bí wọn ò ṣe ní bára mu, torí ara kan náà ni wọ́n tẹ́lẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á yí i po. Bó bá ṣì gún lẹ́yìn tó yí, ó gún nìyẹn. Bí kò bá gún, ihò ọ̀pá ni wọ́n á lọ bá. Wọn ò ní tẹ irin ìta síbí síọ̀hún kó lè jọ pé ó gún. A kì í kánjú lá ọbẹ̀ gbígbóná, a kì í sì í fi ọ̀dà bo ihò tó ṣì.

Lójú irin gidi náà, ọ̀pá àárín yìí ni ọ̀gá. Lórí àwọn afárá tí gbogbo ẹrù wọn wà lórí ọ̀pá, awakọ̀ gbọ́dọ̀ dá ẹ́ńjìnnì dúró gan-an níbi tí ìwúwo iwájú àti ti ẹ̀yìn bá ti dọ́gba. Ibẹ̀ kì í sì í jẹ́ ibì kan náà, nítorí èédú ti jó, omi ti lọ, ìdí ẹ́ńjìnnì ti fúyẹ́ ju ti àárọ̀ lọ. Bó bá bọ́ sí i, ènìyàn méjì á fi èjìká ti ohun tó lé ní ọgọ́rùn-ún tọ́ọ̀nù, á sì máa yí. Bí kò bá bọ́ sí i, ẹ pe gbogbo àdúgbò wá. Ohun tí a fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a fi agbára mú ní í ni ni lára. Nígbà tó yá, wọ́n so ẹ̀rọ mọ́ afárá míì tó ń fi agbára bíréèkì ẹ́ńjìnnì gan-an yí i, ó sì dẹ awakọ̀ lára. Mi ò mọ̀ bóyá ó mú un gbọ́n sí i.

Ìtàn kan wà tí àwọn òṣìṣẹ́ rélùwéè fẹ́ràn láti máa sọ nípa Garsdale, lórí irin tó gba àárín òkè láti Settle lọ sí Carlisle. Wọ́n ní ní 1900, wọ́n ń yí ẹ́ńjìnnì lọ́wọ́ nígbà tí ìjì òkè gbá a mú, tó sì bẹ̀rẹ̀ sí í yí afárá òun ẹ́ńjìnnì bí ìrànwú. Kò sẹ́ni tó lè dá a dúró. Iyanrìn ni wọ́n wà sínú kòtò títí ó fi dákẹ́. Afẹ́fẹ́ fẹ́, wọ́n rí fùrọ̀ adìẹ. Ìtàn a máa dùn sí i lẹ́nu àwọn òṣìṣẹ́, àmọ́ ohun tí wọ́n ṣe lẹ́yìn rẹ̀ dájú: wọ́n fi pákó abẹ́ irin tó ti gbó ṣe ọgbà yí afárá náà ká, kí ìjì má baà rí i gbá mọ́. Afárá ọ̀hún kò tilẹ̀ sí ní Garsdale mọ́. Wọ́n gbé e lọ sí Keighley.

Ó ku àwọn tó ń fi ọwọ́ gbé ẹ́ńjìnnì lórí tábìlì, àríyànjiyàn sì pọ̀ lórí wọn. Ohun tí ọwọ́ ò bá tó, gọ̀ǹgọ̀ là á fi í fà á. Àwọn wọ̀nyí ní ọwọ́ àwọn tó o, kí ni gọ̀ǹgọ̀ ń wá? Wọ́n á na ọwọ́ láti ojú sánmà, wọ́n á mú ẹ́ńjìnnì láàárín ibùdókọ̀ níbi tí èèyàn kéékèèké dúró sí, wọ́n á yí i, wọ́n á sọ ọ́ kalẹ̀. Èyí ò dára lójú mi. Gbogbo làálàá tí wọ́n ṣe láti jẹ́ ká gbàgbé pé tábìlì là ń wò, ọwọ́ kan ṣoṣo ti bà á jẹ́, yàtọ̀ sí pé ọ̀rá ìka ń ba ọ̀dà jẹ́, àtẹ̀gùn tó tín-ín-rín lára ẹ́ńjìnnì sì ń kán. Ibi tí a bá pè lórí, a kì í fi í tẹlẹ̀.

Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ ẹ̀yìn aṣọ ìkélé ni, níbi tí irin ti parí, tí ọkọ̀ ń lọ fara pamọ́ kó tó padà wá, ọ̀rọ̀ yí padà. Níbẹ̀ ni àwọn ọlọ́gbọ́n ń lo pátákó tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí wọ́n lẹ ọ̀pá alumíníọ́ọ̀mù méjì tó tẹ̀ bíi lẹ́tà L mọ́, tó ń ṣe irin, tó tún ń gbé iná. Odindi ọkọ̀ á wọ́ wọ inú rẹ̀, wọ́n á dí i lẹ́nu níwájú lẹ́yìn kó má yọ̀ bọ́, wọ́n á fi ọwọ́ méjèèjì gbé pátákó náà, wọ́n á yí i po, wọ́n á sì fi ẹnu rẹ̀ kan irin padà. Ìka ò kan ẹ́ńjìnnì rárá. Ọwọ́ náà ni èyí àti ti àkọ́kọ́, àmọ́ ọ̀kan ń bo àìronú mọ́lẹ̀, ìkejì wà nínú ètò láti ìbẹ̀rẹ̀. Mo mọ̀ pé àwọn kan wà tí wọn ò ní gbà fún mi, tí wọ́n ní bí a bá ti fọwọ́ gbé e, a ti fọwọ́ gbé e. Aláṣejù, pẹ́rẹ́ ní í tẹ́. Bí wọ́n bá ní yàrá tó gba ìyípo 876, kí wọ́n lọ kọ́ ọ.

Ilẹ̀ wa náà kò ṣàì mọ ọ̀rọ̀ yìí. Irin tó ti Èkó wá dé Ìbàdàn ní 1901, ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta àtààbọ̀ péré ni àlàfo rẹ̀, ó sì tóóró ju ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ. Lára ẹ́ńjìnnì tó ṣiṣẹ́ lórí irin Nàìjíríà ni Garratt wà, tí ilé-iṣẹ́ Beyer Peacock kàn ní Manchester. Ìkòkò omi gbígbóná ńlá wà láàárín rẹ̀, àgbájọ ẹsẹ̀ kan wà níwájú, òmíràn wà lẹ́yìn, ó sì lè máa lọ síhìn-ín sọ́hùn-ún láìyíjú. Ó lágbára, bẹ́ẹ̀ ó ń tẹ̀ sí kọ́ọ̀nà torí pé ara rẹ̀ pín sí mẹ́ta. Ẹni tó bá fẹ́ kọ́ ibùdókọ̀ Ìddó sórí tábìlì nínú yàrá kan ní Peckham ní London, ọ̀nà kan rèé tí ìtàn fúnra rẹ̀ là sílẹ̀ fún un. Kó má wá sọ pé nítorí pé Garratt kì í yí, òun ò ní wọn irin òun dáadáa. Ẹ́ńjìnnì tó gùn tó bẹ́ẹ̀ kì í dárí ji irin tó wọ́.

Ẹ̀yin tí tábìlì yín kéré, tí ẹ́ńjìnnì ńlá sì ń wù, mo bẹ̀ yín, ẹ má tíì náwó sórí afárá. Ẹ gé páálí roboto kan tó jẹ́ mìlímítà 280 láti etí dé etí, ẹ gbé e sórí pátákó yín níbi tí ẹ fẹ́ kí afárá wà, kí ẹ sì gbé ẹ́ńjìnnì tó gùn jù lọ lé e lórí. Bó bá wọ̀ ọ́, ẹ lu ihò àárín kí ẹ tó fi irin kankan lélẹ̀. Bí kò bá wọ̀ ọ́, ẹ dá ẹ́ńjìnnì ńlá padà fún ẹni tó ń tà á, kí ẹ ra kékeré tó gbé èédú rẹ̀ sára.